Àtàǹpàkò Tó Kúrò Nílé: Ìtàn Àwọn Tó Ń Ta Gìtá Tí Wọ́n Sì Ń Ta Béèsì

Bí ẹ bá mú àwo orin Yorùbá ti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn lọ́wọ́, tí ẹ sì ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páálí rẹ̀, orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn yóò kọ orúkọ ẹgbẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tán sí. Àwọn tó lu ìlù, àwọn tó gbe orin, àti àwọn tó ta gìtá kò sí nínú àkọsílẹ̀. Nínú àwọn tí ìtàn gbàgbé báyìí, ìsọ̀rí kan wà tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí: àwọn olórin tó mọ gìtá ta, tí wọ́n sì tún mọ gìtá béèsì ta. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe, síbẹ̀ a kì í sábà rí orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìtàn wọn ló lè là wá lóye bí orin wa ṣe di ohun tó dà, irú ohun èlò tí àwọn tó ṣáájú wa rà, èyí tí agbára wọn kò ká, àti ẹni tó ni ohun èlò náà gan-an. Fún àwa tí a ń gbé ní Òkìtìpupa àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan. Ó kan àwọn ọmọ wa tó ń gbé gìtá kọ́ èjìká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí ọwọ́ kan ń ṣe iṣẹ́ méjì

Ojú omi ni gìtá gbà wọ ilẹ̀ wa. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ kiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ohun èlò yìí di ti aláwọ̀ dúdú ní agbègbè wa. Bí wọ́n ṣe ń ta á ni kí a fi ọkàn sí. Ìka méjì péré ni wọ́n ń lò. Àtàǹpàkò ń ta àwọn okùn tó nípọn, ìka ìfábẹ̀lá sì ń ta àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Àtàǹpàkò ń sọ ọ̀rọ̀ àgbà nísàlẹ̀, ó ń tún un sọ, kò yẹsẹ̀. Ìka kejì ń kọrin lókè.

Kwame Asare, ọmọ Ghana tí àwọn kan mọ̀ sí Jacob Sam, kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ atukọ̀ Kru. Ní 1928, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Kumasi Trio gba orin sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. "Yaa Amponsah", tí àwọn onígìtá ṣì ń kọ́ títí di òní, wà lára orin náà. Ẹni tó bá fetí sí irú gìtá bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ènìyàn méjì ló ń ta á. Ọwọ́ kan ni. Èyí túmọ̀ sí pé kí gìtá béèsì tó dé ilẹ̀ wa rárá, àwọn olórin wa ti ń ṣe iṣẹ́ béèsì àti iṣẹ́ gìtá pọ̀. Béèsì ń gbé inú àtàǹpàkò.

Ní Èkó láàárín ọdún 1930 sí 1940, Tunde King, tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí aṣáájú orin jùjú, ń ta gìtá-bánjò, ìyẹn ohun èlò olókùn mẹ́fà tó ní ọrùn gìtá ṣùgbọ́n tí ikùn rẹ̀ rí bí ti bánjò. Ọgbọ́n wà nínú irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Awọ tí wọ́n fi bo ikùn bánjò máa ń jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ké ju ti gìtá onípákó lọ. Nígbà tí kò sí iná tí yóò gbé ohùn sókè, tí àwọn ènìyàn ń mu ẹmu tí wọ́n sì ń rojọ́, ohun èlò tó ké ni olórin nílò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ohun tí àyíká bá gbà ni olórin wa ń rà.

Àgídìgbo, béèsì ilé wa

Bí ẹgbẹ́ olórin ṣe ń pọ̀ sí i, tí ìlù ń pọ̀ sí i, àtàǹpàkò onígìtá kò tó mọ́. Wọ́n nílò ohun tí yóò gbé ìsàlẹ̀ orin. Àwọn ẹgbẹ́ olórin háílàìfù tó lówó lọ́wọ́ ń lo béèsì onípákó ńlá tó ga ju ènìyàn lọ. Ẹni tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ yíjú sí àgídìgbo: àpótí pákó tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí a ń fi ìka ta, tí a sì tún lè máa gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìlù. Ohùn rẹ̀ dún nísàlẹ̀, kò nílò iná, gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò sì lè kan án.

Ibẹ̀ ni a ti rí àpẹẹrẹ ẹni tó ń ṣe méjèèjì nílẹ̀ Yorùbá gan-an. Fatai Olayiwola Olagunju, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Fatai Rolling Dollar, tí wọ́n bí ní 1927, ta àgídìgbo nínú ẹgbẹ́ J.O. Araba, ó sì tún jẹ́ onígìtá. Ní 1957 ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, African Rhythm Band, sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ebenezer Obey ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa: ẹni tó mọ ìsàlẹ̀ orin láti inú àgídìgbo, tó sì mọ òkè orin láti inú gìtá, òun ló tọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá jùjú tó lórúkọ jù lọ dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Rolling Dollar fi pòórá lójú agbo kí ó tó padà dé pẹ̀lú "Won Kere Si Number Wa" lẹ́yìn tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó kú ní 2013.

Nígbà tí iná wọ inú gìtá

Ní 1949 ni Ayinde Bakare bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá tí iná gbé ohùn rẹ̀ sókè nínú orin jùjú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1951, Leo Fender ní Amẹ́ríkà gbé gìtá béèsì oníná tó pè ní Precision Bass jáde. Ohun tó mú kí béèsì yìí yàtọ̀ sí béèsì onípákó ńlá ni pé ó rí bí gìtá, èjìká ni a ń gbé e kọ́, wọ́n sì to irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọrùn rẹ̀ bíi ti gìtá kí ìka má baà ṣìnà. Gìtá ní okùn mẹ́fà, béèsì ní mẹ́rin. Orúkọ ohùn tí okùn mẹ́rin béèsì ń jẹ́, E, A, D àti G, ni orúkọ tí okùn mẹ́rin tó nípọn jù lára gìtá náà ń jẹ́. Ti béèsì kàn wà nísàlẹ̀ pátápátá ni. Nítorí náà, onígìtá tó bá gbé béèsì fún ìgbà àkọ́kọ́ ti mọ ibi tí yóò tẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà rọrùn. Okùn gìtá Fender gùn ní íǹṣì 25.5 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti béèsì gùn ní íǹṣì 34. Ìka gbọ́dọ̀ nà, okùn nípọn ju ti gìtá lọ, ọrùn sì wúwo. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọkàn ẹni náà gbọ́dọ̀ yí padà. Onígìtá lè fò, ó lè ṣeré, ó lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura. Bí oníbéèsì bá dákẹ́, ẹsẹ̀ àwọn oníjó yóò dúró.

Kárí ayé, béèsì sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n tì sọ́rùn onígìtá kan nítorí pé àyè ṣófo. Onígìtá ni Paul McCartney nínú ẹgbẹ́ Beatles títí Stuart Sutcliffe fi fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1961 nígbà tí wọ́n wà ní Hamburg, Jámánì. Béèsì Höfner tó rí bí fayolíìnì ló rà. Ìdí méjì ló sọ fún aráyé: owó rẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n pọ́n-ún, àti pé ọwọ́ òsì ló ń lò, béèsì náà sì dọ́gba lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò ní dà bí ẹni dojú rẹ̀ kodò. Okùn rẹ̀ kò gùn ju íǹṣì 30 lọ, èyí tó bá ọwọ́ onígìtá mu. Wọ́n jí béèsì náà gbé ní 1972; ní 2024 ni ìròyìn jáde pé ó ti padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Nílé níbí, àwọn tí kò lówó láti rà dá tiwọn ṣe. Victor Uwaifo ti Benin, tó kú ní 2021, fi pákó ṣe gìtá àkọ́kọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Wáyà pakuté ló fi ṣe okùn, irin táyà kẹ̀kẹ́ ló tò sí ọrùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí agolo sadín ló sì fi ń fa okùn le. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn ló wá kọ "Joromi", àwo tó gba ẹ̀bùn wúrà ní 1966.

Kologbo, tó jẹ́ orí àti ìrù

Bí mo bá ní láti mú ẹnì kan ṣoṣo láti fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí mò ń sọ, Oghene Kologbo ni. Warri ni wọ́n bí i sí, ní 1957, ìlú tí kò jìnnà sí wa púpọ̀, bí ènìyàn bá ti gba Ọ̀rẹ̀ kọjá sí Benin. Bàbá rẹ̀, Joe King Kologbo, jẹ́ olórin háílàìfù, ó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Fela Anikulapo Kuti. Ọmọ náà kò tíì pé ogún ọdún tó fi wà nínú ẹgbẹ́ Africa 70.

Fela lo gìtá ní ọ̀nà tí kò wọ́pọ̀. Gìtá kan wà fún dídá ìlù orin mú, òmíràn tí wọ́n ń pè ní tẹ́nọ̀ wà fún títún ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sọ láìdánudúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin náà gba odidi ojú àwo kan. Tẹ́nọ̀ yìí ni iṣẹ́ Kologbo. Ẹ fetí sí i dáadáa: ohùn rẹ̀ wà láàárín gìtá àti béèsì. Ó ń dá béèsì lóhùn, ó ń dí àlàfo tí béèsì fi sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é láìmọ ohun tí béèsì ń sọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kò yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé Kologbo ta béèsì, ó sì ta gìtá kejì náà, nínú àwọn orin kan tí ẹgbẹ́ náà gbà sílẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tún pàdé lára ẹnì kan.

Iṣẹ́ kẹta tún wà lọ́rùn rẹ̀. Ní òru, Fela a máa fi ẹnu kọ ohùn orin tuntun fún un, òun ni yóò sì há a sórí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó lè kọ́ àwọn yòókù níbi ìdánrawò. Bẹ́ẹ̀ ni orí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe di ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún orin tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Afrobeat. Ní 1978, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà ṣeré níbi àjọ̀dún orin jáásì ní Berlin, Kologbo kò bá wọn padà sílé mọ́. Ó dúró sí Jámánì. Orúkọ Fela ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ni orin. Àmọ́ ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ ìlú yín léèrè ẹni tó ń jẹ́ Kologbo, kí ẹ gbọ́ ìdáhùn wọn.

Ta ló ni gìtá?

Ìdí tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ nínú orin wa, tí orúkọ wọn kò sì hàn, wà nínú ọ̀rọ̀ ohun ìní. Nínú ẹgbẹ́ jùjú àti háílàìfù, ọ̀gá ló sábà máa ń ni gìtá, òun ló ni béèsì, òun ló ni ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè, èyí tí àwọn olórin ń pè ní áńpù, òun náà ló sì ni ọkọ̀ tó ń kó wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ ń wá sí òde pẹ̀lú ìka rẹ̀ nìkan. Bí oníbéèsì kò bá wá, ọ̀gá yóò nawọ́ béèsì sí onígìtá tó sún mọ́ ọn. Bí onígìtá bá bínú lọ, oníbéèsì yóò bọ́ sí ipò rẹ̀. Mímọ méjèèjì ni kì í jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ọ̀gá pẹ̀lú jèrè níbẹ̀, nítorí ẹni tó mọ méjèèjì kì í jẹ́ kí òde bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kúrò, òfìfo ni yóò gbé lọ. Kò ní gìtá, kò ní béèsì, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára páálí àwo tí yóò fi hàn fún ẹni tó ń wá olórin. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Demola Adepoju, tó ń ta gìtá onírin fún King Sunny Ade. Nígbà tí Island Records gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, àwọn olólùfẹ́ orin ní òkè òkun gbọ́ gìtá rẹ̀, wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀. Ní 1986, òun náà ló wà nínú àwo Graceland tí Paul Simon ṣe, tó ń ta gìtá yẹn kan náà. Ènìyàn kò lè pe ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ wá síbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan Òkìtìpupa

Nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ìlù àti ohùn ènìyàn ni orin wa fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Queen Comfort Omoge ló gbé àṣíkò Ìkálẹ̀ dé orí àwo tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa fi gbọ́ ọ. Lónìí, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ́ gìtá àti béèsì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣà ọ̀gá tó ni ohun èlò ṣì wà níbẹ̀. Ìjọ ló ni gìtá, ìjọ ló ni béèsì, ọmọ kan náà ló ń ta méjèèjì, ó sinmi lórí ẹni tó bá wá lọ́jọ́ náà. Bó bá lọ sí ìlú mìíràn, ìka rẹ̀ nìkan ni yóò bá a lọ.

Ìṣòro kejì ni iná. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó, Òkìtìpupa pẹ̀lú, ti wà láìsí iná ìjọba rí fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, epo inú jẹnẹrétọ̀ pàápàá ti di ẹrù. Èyí kan béèsì ju gìtá lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ ń jẹ agbára ju ohùn òkè lọ. Áńpù béèsì tí yóò dún dáadáa nílò agbára tó pọ̀ ju ti gìtá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ yòókù. Ohun tí àwọn ọmọ wa wá ń ṣe ni pé wọ́n ń ki béèsì bọ inú áńpù gìtá, sípíkà rẹ̀ yóò sì ya kí ọdún tó yí po.

Ìtàn tí a sọ lókè yìí fún wa ní ọgbọ́n díẹ̀. Tunde King ta ohun èlò tó bá àyíká rẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn béèsì kan wà tí bátìrì wà nínú wọn, tí wọn kò ní dún bí bátìrì náà bá kú láàárín orin. Àwọn mìíràn wà tí kò nílò bátìrì rárá, bíi Precision Bass ti 1951. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí iná kò dúró, èyí kejì ló bọ́gbọ́n mu. Béèsì olókùn márùn-ún wu àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n olókùn mẹ́rin ló bá okùn gìtá dọ́gba, òun ló sì rọrùn jù fún onígìtá láti bọ́ sí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn lè wá èyí tí okùn rẹ̀ kò ju íǹṣì 30 lọ. Bó bá jẹ́ tókúnbọ̀ ni, kí ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò kí ó tó sanwó, nítorí ooru àti ọ̀rinrin àdúgbò wa máa ń tẹ ọrùn gìtá. Kí ó sì máa fi aṣọ gbígbẹ nu okùn rẹ̀ lẹ́yìn eré, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹgbẹ́, ẹ̀yin olùdarí orin nínú ìjọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gba orin sílẹ̀ sórí fóònù tí ẹ sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa kọ orúkọ àwọn tó ta gìtá àti àwọn tó ta béèsì. Bí ẹnì kan bá ta méjèèjì, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin òbí, bí agbára bá wà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ní ohun èlò kan tó jẹ́ tirẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Orin wa nílò ọwọ́ méjèèjì, àwọn tó sì ní ọwọ́ méjèèjì lára ẹnì kan ṣoṣo kò tọ́ kí a sin wọ́n láìlórúkọ.